Mo Ní Ikán Ti Jẹ Gìtá Bàbá Oyèwálé

Ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn o. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ Adébísí ọ̀rẹ́ mi, àánú mi ló máa ń ṣe é. Tó bá wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló máa ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́olúwa lorúkọ mi. Sabon Gari níbí ní Kánò ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣe káfíńtà. Àga àti bẹ́ẹ̀dì ni mo fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ, ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti hòtẹ́ẹ̀lì àdúgbò wa ló mọ̀ pé tí gìtá wọn bá kán, ṣọ́ọ̀bù mi ni kí wọ́n gbé e wá. Èmi náà ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà wa.

Bàbá Oyèwálé ló kọ́ mi. Ìdí ẹ́ńjìnì réluwéè ni wọ́n ti fi ọdún márùndínlógójì ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Railway Quarters ni wọ́n sì ń gbé títí dòní. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n ń bá ẹgbẹ́ olórin kan ṣeré ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Sabon Gari. Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni wọ́n ra gìtá oníná wọn, gìtá pupa kan tí wọ́n kó wá láti ìlú òyìnbó. Nígbà tí ẹgbẹ́ yẹn tú ká, wọ́n gbé gìtá náà wá sínú ìjọ wa, wọ́n sì di Bàbá Ẹgbẹ́ Akọrin. Èmi ni mò ń ru ampilifáyà tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Tí ẹ bá wo èjìká mi òsì dáadáa, ẹ óò rí i pé ó rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ.

Nínú òjò ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún, ní oṣù Kẹjọ, síìlì yàrá wọn já, ó sì wó lu gìtá náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fi aṣọ ìbora wé e, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ a daidaita ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gbé e wá bá mi.

"Sannu da aiki, Iṣẹ́." Bí wọ́n ṣe kí mi kú iṣẹ́ tán, wọ́n tú aṣọ náà.

Ọrùn gìtá ti kán sí méjì. Omi ti wọ inú rẹ̀, àwọn okùn rẹ̀ ti dógùn-ún. Mo fọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá, kí ló ṣe èyí báyìí?"

"Òjò ni. Ṣé ó ṣì lè sọ̀rọ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n tú u wò ná."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé àwọn ará ọjà ń tẹ́tí sí wa.

"Dókítà ní etí mi méjèèjì ń lọ. Ariwo ẹ́ńjìnì ló ti bà á jẹ́ tipẹ́. Ó ní kò lè ju ọdún kan lọ tí á fi dí pátápátá. Iṣẹ́, mi ò bẹ̀rù àtidití. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n gbọ́ gìtá yìí lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dí. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ máa gbọ́ ọ, Bàbá. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dìde, bóyá ọ̀rọ̀ yìí ì bá má ṣẹlẹ̀.

"Tí mo bá ti gbọ́ ọ tán, Àbújá ló ń lọ," wọ́n ní. "Ọmọ mi sọ pé òun fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ òun. Ó ní àwọn àlejò máa ń fẹ́ràn nǹkan àtijọ́."

Sára ògiri! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ó dáa, Bàbá." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọmọ tí kò gbé ampilifáyà rí, tí kò jókòó ti bàbá rẹ̀ rí láti kọ́ orin kan ṣoṣo, òun ni wọ́n fẹ́ gbé e fún kó fi ṣe àwòrán!

Ọjọ́ kejì ni mo tú gìtá náà. Kò bàjẹ́ tó bí mo ṣe rò. Igi rẹ̀ gbẹ, ó le koko. Ibi tó ti kán ṣe geere, gọ́ọ̀mù á mú un. Àwọn irin abẹ́ okùn tó ń gbé ohùn lọ sínú ampilifáyà, èyí tí àwa ń pè ní pikọ́ọ̀pù, wáyà inú wọn nìkan ló ti jẹrà. Mo gbé e lé orí itan mi bó ṣe wà yẹn, láìsí ọrùn. Gbogbo gìtá tí mo ti ń ta láti ogún ọdún, ti ìjọ ni tàbí ti oníbàárà. Mi ò ní tèmi rí.

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo sọ fún. Adébísí. Ọ̀dà mọ́tò ló ń tà ní Ọjà Sabon Gari, òun ló sì ń ta gìtá béèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ akọrin. Òun ló dúró tì mí lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Àwo kan náà la ti jọ ń jẹ tuwo láti ìgbà tí a ti jẹ́ àpọ́n.

Ó gbé gìtá náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Èyí ló ń lọ sí ara ògiri?"

"Òun ni."

"Ọmọ tí kò mọ dò yàtọ̀ sí mí! Guy, no do am." Ó gbé e padà sórí itan mi. "Sọ fún Bàbá pé ó ti kú. Ṣé kì í ṣe igi ni? Ikán kì í jẹ igi ni?"

"Adébísí! Bàbá Oyèwálé mà ni."

"Mo mọ̀ wọ́n. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n á sunkún díẹ̀, wọ́n á gbàgbé. Ta ni ìyẹn á pa lára? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ àfi èmi, èmi kẹ̀, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Mo bínú sí i. Mo ní kó má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo sì lọ sùn, mo jí, ọ̀rọ̀ náà jí pẹ̀lú mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sọ ọ́ mọ́ o, èmi ni mò ń sọ ọ́ fún ara mi. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ lé e lórí. Òun ló mú àbá wá, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló sọ ọ́ jáde.

Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí ikán ti jẹ tán. Mo fọ́ ọ, mo kó o sínú nylon, mo gbé e lọ sí Railway Quarters.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ìgbà tí mo tú u ni mo rí i. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, ìyókù ò ṣeé lò mọ́."

Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú nylon náà. Wọ́n fi ìka méjì rún igi náà, ó ń dà sílẹ̀ bí èlùbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"O ti gbìyànjú. Ọlọ́run á bá ọ tún tìrẹ ṣe, Iṣẹ́. Ohun tí o bá fẹ́ràn kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Àmín, Bàbá."

Mo ṣe àmín o! Ẹ wo ẹnu mi yìí.

Bí mo ṣe délé ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ọrùn gìtá náà, mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi dì í pinpin fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo fá ọ̀dà pupa ara rẹ̀ kúrò. Adébísí gbé ọ̀dà aláwọ̀ ewé wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀dà mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, a fọ́n ọn sí i lára lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí Bàbá bá tilẹ̀ rí i lójúkojú, wọn ò lè dá a mọ̀.

Pikọ́ọ̀pù ló le. Ọ̀dọ̀ Tàófíìkì ni mo gbé e lọ, ọmọ Ìlọrin kan tí wọ́n bí sí Kánò bíi tèmi, tó ń wé wáyà fáànù àti ti pọ́ǹpù omi. Wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ ló fẹ́ wé, bíi ẹgbàárin ìgbà, láìjẹ́ kó já. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí ló fi ń wé e, tẹ̀súbáà ló sì fi ń kà á. Tó bá ti wé e ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, á sún ìlẹ̀kẹ̀ kan.

Ọjọ́ kejì tó ti wà lórí ẹ̀ ló bi mí.

"Ta ló ni gìtá yìí?"

"Èmi ni."

"Ọwọ́ ta lo ti rí i? Irú èyí ò sí lọ́jà mọ́."

"Bàbá kan ló fún mi. Wọ́n ti kú."

Tàófíìkì dáwọ́ dúró. "Allah ya jiƙansa," ó gbàdúrà fún òkú.

"Amin," mo dáhùn. Bàbá Oyèwálé wà ní Railway Quarters nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa jẹun ọ̀sán.

Oṣù Kejìlá ni iṣẹ́ parí. Mi ò lè ta gìtá náà ní gbangba, torí náà mo dúró de ọ̀sán Jímọ̀. Àwọn télọ̀ àti àwọn tó ń jó irin yí mi ká, mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Tí wọ́n bá ti lọ kírun, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á tì, àdúgbò á dákẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi wáyà bọ ampilifáyà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi bọ́ lójú mi. Ohùn yẹn náà ni. Ohùn tí mo gbọ́ nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún tí mo sọ pé, "Bàbá, ẹ kọ́ mi." Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀sán Jímọ̀ ni mo ń ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ń rò pé ààwẹ̀ ni mò ń gbà.

Nínú ọyẹ́ oṣù Kìn-ín-ní, Bàbá wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Ètè wọn ti bẹ́, wọ́n fi ọ̀já wé etí. Gìtá náà wà lórí tábìlì lábẹ́ aṣọ. Kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ibi tí wọ́n jókòó.

"Òsì ti lọ," wọ́n pariwo, bí àwọn tí etí wọn ń lọ ṣe máa ń sọ̀rọ̀. "Ọ̀tún ló kù. Tí wọ́n bá sún mọ́ mi, mo ṣì ń gbọ́ dáadáa. Iṣẹ́, gìtá wo lo ní níbí? Gbé èyíkéyìí, kí o ta á fún mi gbọ́."

Èyíkéyìí! Mo wo aṣọ orí tábìlì. Mo ní nínú ara mi, "Ṣí i. Sọ pé o fẹ́ yà wọ́n lẹ́nu ni. Wọ́n á gbàgbọ́." Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, Àbújá ló ń lọ.

Mo na ọwọ́ kọjá aṣọ náà, mo mú gìtá Ṣáínà tí ìjọ kan gbé wá fún mi, mo ta orin tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Wọ́n tẹ orí sọ́dọ̀ mi, wọ́n di ojú. Nígbà tí mo parí, wọ́n fọwọ́ gbá mi léjìká.

"O ṣeun. Ó dáa." Wọ́n dìde. "Ṣùgbọ́n òun kọ́."

Oṣù Kẹfà ni etí ọ̀tún dí.

Níbi yìí ni Adébísí tún ti wọlé. Ìkórè ìjọ wa ku ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù Kẹwàá nìyẹn. Wọ́n máa yan Bàbá Ẹgbẹ́ Akọrin tuntun lọ́jọ́ náà, nítorí etí Bàbá Oyèwálé. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé èmi tàbí Adébísí ni.

"Wàá máa ti ilẹ̀kùn títí wàá fi kú ni?" ó bi mí. "Jẹ́ kí n gbé gìtá yẹn wá sí ìkórè. N ó sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn. Ìwọ ni wàá ta á. Tó bá yá, n ó sọ pé mo ti gbé e fún ẹ. Shikenan, ọ̀rọ̀ parí. Wàá máa gbé e kiri ní gbangba."

"Tí Bàbá bá dá a mọ̀ ńkọ́?"

"Pẹ̀lú àwọ̀ ewé yẹn? Etí ni wọn ì bá fi dá a mọ̀, wọn ò sì ní í mọ́."

Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo rẹ́rìn-ín. Mo sì gbé gìtá fún un.

Ọjọ́ ìkórè, ìjọ kún fọ́fọ́, gbogbo wa nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Bàbá Oyèwálé jókòó níwájú lórí àga tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí. Ìwé orin ni wọ́n ń wò, wọ́n ń ṣí ojú ewé nígbà tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bá ṣí tiwọn.

Adébísí gbé gìtá wọlé, ó fi aṣọ funfun bò ó. Mo ti na ọwọ́ láti gbà á. Kò wojú mi. Ó kọjá lára mi, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó gba maikirofóònù.

"Bàbá Àpọ́sítélì, ẹ̀yin àgbà ìjọ, èmi Adébísí, pẹ̀lú aya àti àwọn ọmọ mi, a fi gìtá yìí ta Olúwa lọ́rẹ."

Ìjọ hó yèè. Àpọ́sítélì, olórí ìjọ wa, ti mú ìgò òróró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ohun tí wọ́n bá ti ta òróró sí níwájú pẹpẹ, kò sẹ́ni tó lè gbé e jáde mọ́. Ọkùnrin kan fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tọrẹ nígbà tí inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí inú rẹ̀ ò dùn mọ́, inú òkùnkùn ló ń gbé nílé, jẹnẹrétọ̀ sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Adébísí mọ èyí. Nítorí èyí ló ṣe gbé e síbẹ̀.

Mo sáré kúnlẹ̀ tì í, mo rọra sọ ọ́ sí i létí.

"Kí lò ń ṣe yìí? Kì í ṣe ohun tí a sọ nìyí."

Ó ń rẹ́rìn-ín sí ìjọ, kò yí orí. "Calm down. Tí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, sọ ọ́. Sọ ibi tí o ti rí i fún wọn."

Òróró kán sórí gìtá náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àpọ́sítélì gbé ọwọ́ lé Adébísí lórí, wọ́n ní Ẹ̀mí ti fi ẹni tó máa gba ipò Bàbá Oyèwálé hàn wá. Ó hàn sí mi nígbà yẹn pé kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló ronú kàn án. Láti ọjọ́ tó ti sọ pé ikán ń jẹ igi ló ti mọ̀ pé mo ti di ẹrú òun. Ogún ọdún ọ̀rẹ́! Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Irọ́ ni! Gìtá mi ni! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tún un ṣe! Adébísí, olè ni ọ́!"

Gbogbo ìjọ yíjú sí mi.

"Iṣẹ́olúwa," Àpọ́sítélì pè mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "níbo lo ti rí gìtá?"

Mo wo Adébísí.

"Bàbá Àpọ́sítélì, ẹ bi í dáadáa," Adébísí ní. "Ẹ ní kó dárúkọ ẹni tó ni í."

Ó rò pé mi ò lè sọ ọ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú ti gba ẹnu mi.

"Ti Bàbá Oyèwálé ni! Mo purọ́ fún wọn pé ikán ti jẹ ẹ́. Adébísí ló kọ́ mi ní irọ́ yẹn! Òun ló fún mi ní ọ̀dà!"

Àwọn obìnrin kígbe. Ìyàwó mi fi ìborùn rẹ̀ bo ojú. Gbogbo èèyàn sì yí orí sí ẹnìkan ṣoṣo tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀.

Bàbá Oyèwálé ń wo ẹnu wa. Wọ́n rí i pé gbogbo ojú ti wà lára wọn.

"Kí ló dé?" wọ́n pariwo. "Kí ni Iṣẹ́ ń wí? Kí ló dé tí gbogbo yín ń wò mí?"

Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ dáhùn? Bàbá mú àpòòwé ìkórè wọn, wọ́n mú bírò jáde lápò, wọ́n nà án sí mi.

"Kọ ọ́."

Mo wo Àpọ́sítélì, bóyá wọ́n á bá mi kọ ọ́. Wọ́n wolẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo gbé àpòòwé náà lé orí ilẹ̀, mo kọ ọ́ níwájú ìjọ: Gìtá yín nìyí. Kò sí ikán. Mo purọ́ fún yín.

Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n kà á. Wọ́n wo gìtá aláwọ̀ ewé náà. Wọ́n tún un kà. Mo ń retí kí wọ́n gbá mi létí, kí wọ́n ṣépè fún mi. Wọ́n dá àpòòwé náà padà fún mi.

"Nígbà wo lo tún un ṣe tán?"

Mo kọ ọ́: Oṣù Kejìlá.

Wọ́n gbé àpòòwé náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, bí ẹni tó rò pé òun ṣì í kà.

"Kí n tó wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ nínú ọyẹ́," wọ́n ní.

Mo tẹ orí ba.

"Etí ọ̀tún mi ń gbọ́ nígbà yẹn."

Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ. Wọ́n ṣí ìwé orin wọn, wọ́n juwọ́ sí Àpọ́sítélì pé kí ìsìn máa lọ.

Ìgbìmọ̀ àgbà ìjọ gba ipò lọ́wọ́ Adébísí kó tó gbóná lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí àwa méjèèjì kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Gìtá wà níbi pẹpẹ. Òróró ti kán sí i, kò lè jáde. Wọ́n ní kí Bàbá Oyèwálé pinnu ohun tí wọ́n máa fi í ṣe, Bàbá sì ní kí ọmọ tuntun kan nínú ẹgbẹ́ akọrin máa ta á fún Ọlọ́run. Ìjókòó ẹ̀yìn ni èmi ń jókòó sí báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn abiyamọ.

Adébísí wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kẹta. Mo gbé òòlù. Ọpẹ́lọpẹ́ Tàófíìkì tó wà níbẹ̀ tó dì mí mú.

"Ogún ọdún, Adébísí! Ìwọ tí o dúró tì mí lọ́jọ́ ìyàwó mi!"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Kò sá. "Ṣùgbọ́n Bàbá yẹn kọ́ ẹ níṣẹ́, ó ṣe ẹ bí ọmọ, mo sì fojú mi rí ohun tí o ṣe fún un. Èmi tí mi ò kọ́ ẹ ní nǹkan kan ńkọ́? Mo ní kí n tètè ṣe tèmi kó tó kàn mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí ju gìtá lọ. Nígbà tó lọ tán, Tàófíìkì wò mí.

"Bàbá tó kú tí mo gbàdúrà fún, òun ni wọ́n ń sọ yìí?"

Mi ò lè wojú rẹ̀.

"Amana ce fa, Iṣẹ́. Wọ́n fi í pamọ́ sí ẹ lọ́wọ́ ni." Ó mú tẹ̀súbáà rẹ̀ lórí tábìlì, ó jáde. Tí a bá pàdé báyìí, ó máa ń kí mi, kì í dúró.

Àwọn èèyàn ń bi mí bóyá mo ti dárí ji Adébísí. Rárá. Mi ò ní fi ẹnu dídùn tàn yín jẹ, mi ò tíì dárí jì í, tí mo bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán mo máa ń yà sí títì mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ẹni tó bá ń bá yín gbìmọ̀ bí ẹ ṣe máa da ẹlòmíràn, ẹ má pè é ní ọ̀rẹ́. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń da ẹ̀yin náà ni, ẹ̀yin gan-an sì ni olùkọ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí Railway Quarters láti bẹ Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ṣí i.

Mo ti kọ ẹ̀bẹ̀ mi àti bí mo ṣe tún gìtá náà ṣe wá, ojú ewé méjì. Wọ́n kà á tán, wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n na ọwọ́ sí àga. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lórí tábìlì tí àwọn èèyàn fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí i sí ojú ewé tuntun, wọ́n gbé e síwájú mi.

"Orin wo lo kọ́kọ́ fi í ta?"

Mo kọ ọ́: Èyí tí ẹ kọ́kọ́ kọ́ mi.

"Wáyà tuntun tí wọ́n wé sí i, kò ba ohùn rẹ̀ jẹ́?"

Mo kọ ọ́: Rárá, Bàbá. Ohùn rẹ̀ náà ni.

Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sún àga wọn mọ́ tèmi, bí wọ́n ṣe sún mọ́ mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá.

"Ó dáa. Sọ fún mi bó ṣe ń dún."

Mo di bírò mú. Mo kọ: Ó ń dún bí. Mo dúró. Ọwọ́ mi ò lọ mọ́. Mo wo ògiri, mo wo síìlì tí wọ́n ti tún kàn, mo tún wo ìwé náà. Bàbá Oyèwálé tẹ orí sọ́dọ̀ mi, ojú wọn kò kúrò lórí bírò, wọ́n ń dúró dè mí.